Ìgbàgbọ́ Ta Ni Yóò Gbé Aláìsàn?

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín, ṣùgbọ́n kò sí ilé tí kò kàn. Àwọn àgbà máa ń wí pé, "Ẹsẹ̀ gìrìgìrì nílé àńjòfẹ́, àńjòfẹ́ kú, a ò rẹ́nì kan mọ́." Gbogbo wa la mọ òwe náà, gbogbo wa la sì ti fi bú ọ̀rẹ́ àjẹjẹun rí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àwọn tó sá lọ nígbà àìsàn ni mo fẹ́ bá wí lónìí. Àwọn wọ̀nyẹn ti lọ ná. Àwọn tó wá ni mo ní í bá sọ̀rọ̀: àwọn onígbàgbọ́ tó gbé Bíbélì há abíyá, tí wọ́n ra búrẹ́dì àti ọsàn lọ́nà, tí wọ́n wọ ilé aláìsàn, tí wọ́n sì jókòó tì í. Nígbà tí wọ́n bá dìde lọ tán, ṣé ẹrù ẹni náà fúyẹ́ sí i ni, àbí ó tún wúwo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ?

Ìbéèrè tí mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò nìyí: nígbà tí àìsàn ńlá bá dé bá ọ̀rẹ́ wa, ìgbàgbọ́ ta ni ó yẹ kó ṣiṣẹ́ níbẹ̀? Ṣé ti ẹni tó dùbúlẹ̀ ni, àbí ti àwa tí a lè fi ẹsẹ̀ ara wa rìn?

Ajégúnlẹ̀ ni mo fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe Ajégúnlẹ̀ ti ọ̀nà Àpápá tí àwọn olórin sọ di olókìkí o. Ajégúnlẹ̀ ti Kòsọ́fẹ́ ni mò ń wí, èyí tó wà lójú ọ̀nà Ìkòròdú téèyàn bá ti kọjá Mile 12. Ẹni tó bá mọ àdúgbò yìí mọ ọjà Mile 12 dájú. Ibẹ̀ ni tòmátì, ata, àlùbọ́sà àti iṣu tó ń ti Òkè Ọya bọ̀ máa ń já sí kí wọ́n tó fọ́n ká gbogbo Èkó. Ṣé ẹ ti dúró wo àwọn alábàárù ọjà náà rí? Alábàárù kò lè dá gbé apẹ̀rẹ̀ tòmátì ńlá lé orí ara rẹ̀. Á wé òṣùká, á bẹ̀rẹ̀, àwọn tó wà nítòsí á gbé e rù ú. Bó bá dé ibi tó ń lọ, á tún kígbe pé, "Ẹ bá mi sọ̀ o!" Ẹni tí kò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n rí ni yóò na ọwọ́ bá a sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ọwọ́ kan ò sáà gbẹ́rù dórí. N kò tíì rí ẹni tó dúró ti alábàárù tí ọrùn rẹ̀ ń gbọ̀n, tó wá sọ fún un pé, "Ìwọ ṣáà gbà gbọ́ pé ẹrù yìí kò wúwo." Ẹni tó bá dán irú ẹ̀ wò ní Mile 12, èébú tí wọ́n máa bú u yóò bá a délé.

Ajégúnlẹ̀ yìí kan náà ni omi ya wọ̀ ní oṣù kẹwàá ọdún 2010, nígbà tí odò Ògùn kún àkúnya, tí wọ́n sì tún tú omi sílẹ̀ láti ibi tí wọ́n ti sé odò Ọ̀yán. Omi gba ilé, ó gba ọ̀nà, ọkọ̀ ojú omi ni àwọn èèyàn ń wọ̀ ní àdúgbò tí mọ́tò ń gbà tẹ́lẹ̀. Ẹni tó ń tu ọkọ̀ ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ kì í kọ́kọ́ bi ẹni tó wà nínú omi pé, "Irú ìgbàgbọ́ wo lo ní tí omi fi gbà ọ́ nílé?" Á kọ́kọ́ na ọwọ́ ná. Ìbéèrè, bó bá tilẹ̀ wà, á di ìgbà tí wọ́n bá gúnlẹ̀.

Kí ló wá dé o? Ohun tí a kò jẹ́ ṣe fún alábàárù, tí a kò jẹ́ ṣe fún ẹni tí omi gbà nílé, kí ló dé tó jẹ́ òun gan-an la máa ń ṣe fún aláìsàn?

Ẹ jẹ́ ká fi ìyá aláta kan ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní ó ti lé ní àádọ́ta ọdún. Ó ti pẹ́ tí ó ti ń rẹ̀ ẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wú, ojú rẹ̀ ń wú láàárọ̀, ó ní wàhálà ọjà ni. Nígbà tó ṣe, wọ́n gbé e dé ọsibítù, dọ́kítà yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ó ní kíndìnrín rẹ̀ méjèèjì kò ṣiṣẹ́ mọ́. Ọ̀rọ̀ dé ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ obìnrin wá kí i. Ọ̀kan ní, "Ìyá, ẹ má gbà á o! Ẹ kọ̀ ọ́!" Èkejì ní, "Ẹ ṣàyẹ̀wò ara yín wò, bóyá ẹ̀ṣẹ̀ kan wà tí ẹ kò tíì jẹ́wọ́." Ẹ̀kẹta rọra bi í pé ta ló bá jà lọ́jà láìpẹ́ yìí. Nígbà tí obìnrin náà sì la ẹnu láti sọ pé ẹ̀rù ń ba òun, gbogbo wọn pa á mọ́ ọn lẹ́nu lẹ́ẹ̀kan náà: "Háà, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀!"

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọ̀rẹ́ mẹ́ta wọlé. Kò sí èyí tó burú nínú wọn, ìfẹ́ ló gbé wọn wá. Ṣùgbọ́n ẹrù mẹ́ta ni wọ́n dì lé e lórí: kí ó máa ṣe bí ẹni tí ara rẹ̀ yá, kí ó máa rò pé òun ló fọwọ́ ara òun fa àìsàn, kí ó sì máa fura sí ẹni tí wọ́n jọ ń tajà. Àní nínú yàrá náà, òun tó ń ṣàìsàn ló ṣe iṣẹ́ jù. Ó rẹ́rìn-ín kí ọkàn àlejò lè balẹ̀, ó sì ń ṣe "Àmín" kíkan kíkan kí wọ́n má bàa sọ pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ ti yẹ̀. Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó kọjú sí ògiri.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣí Ìhìn Rere Máàkù, orí kejì. Ìtàn kan wà níbẹ̀ tí àwa Kristẹni ti gbọ́ láti kíláàsì ọjọ́ ìsinmi. Ẹlẹ́gbà kan wà ní Kapernaumu. Jésù ń wàásù nínú ilé kan, èrò kún dé ẹnu ọ̀nà. Àwọn mẹ́rin gbé ẹlẹ́gbà náà wá lórí ibùsùn rẹ̀, kò sí ọ̀nà. Wọ́n gun orí ilé, wọ́n dá òrùlé lu, wọ́n sì sọ ọkùnrin náà kalẹ̀ síwájú Jésù. Ìgbà yìí ni Máàkù wá sọ ọ̀rọ̀ kan tí a máa ń fò dá: ó ní Jésù rí ìgbàgbọ́ wọn. "Wọn" ni o. Mátíù sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, Lúùkù náà sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Bí ẹnì kan bá ní ẹlẹ́gbà náà wà nínú "wọn", n kò ní bá a jà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ̀gbà mú kò lè dá òrùlé lu. Kò sì sí ibi tí a ti kà pé Jésù kọ́kọ́ dán ìgbàgbọ́ rẹ̀ wò kó tó dá a lóhùn.

Ẹ tún wò ó dáadáa. Ojú kì í rí ìgbàgbọ́. Kí ni Jésù wá rí? Òrùlé tó lu ló rí, àti erùpẹ̀ tó ń dà sílẹ̀, àti ibùsùn tó ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìgbàgbọ́ àwọn mẹ́rin yẹn ní òógùn lára. Ó tún ní gbèsè lára, nítorí ilé onílé ni wọ́n dá lu, ẹnì kan ní láti tún un ṣe. Títí ìtàn náà fi parí, kò sí gbólóhùn kan tí wọ́n kọ sílẹ̀ pé ó ti ẹnu wọn jáde. A ò mọ orúkọ wọn, a ò mọ ìdílé wọn. Ohun kan ṣoṣo tí a mọ̀ nípa wọn ni pé wọ́n gbé ọ̀rẹ́ wọn, wọn kò sì sọ ọ́ kalẹ̀ ní àárín ọ̀nà.

Ohun tí mo dì mú nìyí, ẹ̀yin èèyàn mi: ní ilé aláìsàn, àwa tí ara wa le ni ẹrù ìgbàgbọ́ wà lọ́rùn wa. Ẹni tó dùbúlẹ̀ lè ní in, ó lè má ní in, ó lè ní in láàárọ̀ kí ó pòórá lálẹ́ nígbà tí ìrora bá dé. Ìyẹn kò yí iṣẹ́ tiwa padà. Bí ìgbàgbọ́ rẹ̀ bá rọ bí ara rẹ̀ ṣe rọ, a ó gbé méjèèjì.

Ẹnì kan á ní, "Ṣé kí a kàn dákẹ́ ni?" Ó dáa, ẹ jẹ́ ká bi àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù. Nígbà tí wọ́n gbọ́ ohun tó dé bá a, àwọn mẹ́ta ti ọ̀nà jíjìn wá. Wọ́n jókòó tì í lórí ilẹ̀ fún ọjọ́ méje, ọ̀sán àti òru, láìsọ̀rọ̀, nítorí wọ́n rí i pé ìbànújẹ́ rẹ̀ pọ̀. Ta ni nínú wa tó lè ṣe ọjọ́ kan nínú méje yẹn? Ọ̀rẹ́ gidi ni wọ́n jẹ́ títí di ìgbà tí wọ́n la ẹnu. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí ẹ̀ṣẹ̀ tí Jóòbù ṣẹ̀, gbogbo ìwé náà sì kún fún àlàyé wọn. Ní ìparí, Ọlọ́run bínú sí wọn, Ó ní wọn kò sọ ohun tó tọ́ nípa Òun, Ó sì rán wọn padà sí Jóòbù kó gbàdúrà fún wọn. Ẹni tí wọ́n ní kò ní ìgbàgbọ́ tó ni wọ́n padà ní kó bá wọn bẹ Ọlọ́run!

Bóyá Kapernaumu àti ilẹ̀ Jóòbù ti jìnnà jù lójú ẹlòmíràn. Ẹ jẹ́ ká wá sí ilẹ̀ wa.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1918, àjàkálẹ̀ àrùn tí àwọn òyìnbó ń pè ní Influenza, èyí tó ń jà káàkiri ayé, bá ọkọ̀ òkun wọ Èkó. Ọ̀pọ̀ èèyàn sá kúrò nílùú. Kò pẹ́ tí àrùn náà fi dé Ìjẹ̀bú-Òde. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì St. Saviour, tó jẹ́ ti Áńgílíkà, àwọn díẹ̀ kóra jọ láti máa gbàdúrà. Joseph Ṣadárè wà lára wọn, bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀dọ́bìnrin kan tó jẹ́ tíṣà, Sophia Ọdúnlámì. Àwọn ni wọ́n di Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye, ibẹ̀ sì wà lára orísun ìjọ Aládùúrà nílẹ̀ Yorùbá. Ẹ jẹ́ ká fi ọlá fún wọn: nígbà tí ẹ̀rù ń tú ọ̀pọ̀ èèyàn ká, àwọn yìí ń sún mọ́ ara wọn. Ó sì yẹ ká rántí pé lọ́dún náà, ọwọ́ àwọn dọ́kítà gan-an ṣófo. Wọn kò tíì mọ kòkòrò tó ń fa àrùn náà, ọdún 1933 ni wọ́n tó rí i fà yọ lára èèyàn. Pẹnisílíìnì pàápàá, ọdún 1928 ni Alexander Fleming tó ṣe àkíyèsí rẹ̀. Ẹni tó ní àdúrà ni òun yóò gbà ní 1918, kò fi bẹ́ẹ̀ sí oògùn tó fi sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kan gbilẹ̀ láàárín wọn: pé onígbàgbọ́ kò gbọdọ̀ lo oògùn rárá, ìbáà ṣe ti ìbílẹ̀, ìbáà ṣe ti òyìnbó. Ní 1922 wọ́n kúrò nínú ìjọ Áńgílíkà. Wọ́n bá Faith Tabernacle ti Philadelphia ní Amẹ́ríkà ṣe pọ̀. Ní 1930, ìsọjí Joseph Ayọ̀ Babalọlá bẹ̀rẹ̀ ní Òkè-Oòyè ní Iléṣà, àwọn aláìsàn sì ń wọ́ lọ síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni àwọn òyìnbó ìjọ Apostolic Church dé ní 1931. Nígbà tó yá, wọ́n rí i pé àwọn òyìnbó náà ń lo kuiníìnì nítorí ibà. Ọ̀rọ̀ kuiníìnì yìí wà lára ohun tó dá wọn níyà, tí àwọn Babalọlá, Odùbánjọ àti Akínyẹlé fi lọ dúró lọ́tọ̀, tí ìjọ C.A.C. fi jáde. Isaac Akínyẹlé yìí náà ló di Olúbàdàn ní 1955.

N kò ní fi àwọn baba wọ̀nyí ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tó bá kọ oògùn nítorí ìgbàgbọ́, tó sì fi ara ara rẹ̀ san gbèsè rẹ̀, ọ̀rọ̀ òun àti Ọlọ́run rẹ̀ ni. Ibi tí àyà mi kì í ti í balẹ̀ ni ìgbà tí ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáká bá ń bá ẹlòmíràn kọ oògùn. Ẹni tó bá fẹ́ gbààwẹ̀, ẹnu ara rẹ̀ ni kó pa dé. Kò gbọdọ̀ gbé oúnjẹ kúrò níwájú ọ̀rẹ́ rẹ̀, kó wá máa sọ káàkiri pé àwọn jọ ń gbààwẹ̀ ni.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ ìyá aláta wa. Ká ní ẹnì kan wá sọ fún un pé, "Bó o bá gbà gbọ́ lóòótọ́, o ò ní lọ sídìí ẹ̀rọ mọ́." Ẹ̀rọ wo? Ẹ̀rọ tó ń bá a fọ ẹ̀jẹ̀ ni. Kíndìnrín ló máa ń yọ ìdọ̀tí àti omi tó pọ̀ jù kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Bó bá ti kú, ẹ̀rọ ní láti máa ṣe é. Bí aláìsàn bẹ́ẹ̀ bá dá a dúró, láàárín ọjọ́ díẹ̀ tàbí ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni ìdọ̀tí yóò kún inú ẹ̀jẹ̀, omi lè kún ẹ̀dọ̀fóró, ọkàn sì lè dáṣẹ́ sílẹ̀. Níbi tí ọ̀rọ̀ dé yìí, ọ̀rẹ́ tó bá dákẹ́ nítorí ọ̀wọ̀ tó ní fún pásítọ̀ ti sọ ibùsùn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kalẹ̀ sí àárín ọ̀nà. Kó sọ̀rọ̀. Kó sọ ọ́ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, kó kúnlẹ̀ sọ ọ́ bó bá gba ìkúnlẹ̀, ṣùgbọ́n kó sọ ọ́.

Ẹ̀rọ yìí náà ní ìnáwó. Bó ṣe yẹ ni kí wọ́n máa fọ ẹ̀jẹ̀ náà lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, bíi wákàtí mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ jẹ́ ìgbà 156 lọ́dún. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ kéde pé owó rẹ̀ yóò wálẹ̀ láti ₦50,000 sí ₦12,000 lẹ́ẹ̀kan ní àwọn ọsibítù ìjọba àpapọ̀ kan. LUTH ní Ìdí-Àràbà, ọsibítù ìjọba àpapọ̀ ní Èbúté-Mẹ́tta àti UCH ní Ìbàdàn wà nínú wọn. Ó dára, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi ṣírò. ₦12,000 lọ́nà 156 jẹ́ ₦1,872,000. Owó oṣù tó kéré jù tí òfin fi lélẹ̀ ní 2024 jẹ́ ₦70,000, ìyẹn ₦840,000 lọ́dún. Odindi owó oṣù ẹni méjì kò tó o, a ò sì tíì ka oògùn, a ò tíì ka owó ọkọ̀. Ẹrù yìí ju ti ẹnì kan lọ. Ó ju ti ọmọ ẹni lọ. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ràn pé mẹ́rin ni Máàkù kà.

Ta ni àwọn mẹ́rin náà ní Ajégúnlẹ̀? Ẹni kìíní ni ẹni tó ń bá a lọ. Ọ̀nà jìn láti ibẹ̀ dé Ìdí-Àràbà. Lóòótọ́ ọkọ̀ BRT ti ń ná Ìkòròdú sí Mile 12 láti 2015, ṣùgbọ́n ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde nídìí ẹ̀rọ, ojú ń kọ́ ọ, kò lè to sórí ìlà. Ẹni kìíní yìí á jókòó fún wákàtí mẹ́rin, á tọ́jú káàdì, á sì bá a gbọ́ ohun tí dọ́kítà sọ, torí ìdajì ọ̀rọ̀ ni etí aláìsàn máa ń gbé.

Ẹni kejì ni ẹni tó ń bá a jókòó ti ìsọ̀. Tòmátì kì í dúró de olówó rẹ̀ títí tí ara rẹ̀ á fi yá. Ẹni kejì yìí lè jẹ́ Àlàájà tó ń ta àlùbọ́sà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ṣé ẹ rí i pé Máàkù kò sọ ẹ̀sìn àwọn mẹ́rin náà fún wa? Ọwọ́ wọn lórí ibùsùn náà ló kà.

Ẹni kẹta ni olówó-mímú. Á gba owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́, lọ́wọ́ ará ilé, lọ́wọ́ ará ọjà, á kọ ọ́ sínú ìwé, á máa fi hàn gbogbo ènìyàn. Ẹni tó bá ń tọrọ owó fún aláìsàn láìkọ ọ́ sílẹ̀ ń fọwọ́ ara rẹ̀ dá ìjà sílẹ̀ lẹ́yìn aláìsàn ni. Ará Samáríà inú àkàwé Jésù pàápàá ka owó lé onílé-èrò lọ́wọ́, ó sì ṣèlérí pé òun yóò san ìyókù bóun bá ń padà bọ̀.

Ẹni kẹrin ni iṣẹ́ rẹ̀ ṣòro jù. Òun ni aláìsàn lè sọ òótọ́ fún. Bó bá ní, "Ẹ̀rù ikú ń bà mí," ẹni kẹrin kò ní pa á mọ́ ọn lẹ́nu. Bó bá ní, "Mo ń bínú sí Ọlọ́run," kò ní sáré jáde lọ pe alàgbà. Á gbọ́ ọ. Á di ọwọ́ rẹ̀ mú. Lẹ́yìn náà, bí aláìsàn bá fẹ́, á gbàdúrà, àdúrà kúkúrú tí ẹni tí ara ń ro lè bá a ṣe dé ìparí.

Ohun kan tún wà tí n kò gbọdọ̀ gbàgbé, ọ̀rọ̀ ọsàn tí a rà lọ́nà lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti dáṣẹ́ sílẹ̀ kì í jẹ ọsàn, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti tòmátì bó ṣe wù ú, nítorí èròjà kan tó ń jẹ́ potassium pọ̀ nínú wọn. Bó bá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, ó lè dá ọkàn dúró. Omi pàápàá, ìwọ̀n ni wọ́n ń fún un mu. Nítorí náà, ọsàn tí a fi ìfẹ́ rà lè ṣe ọ̀rẹ́ wa ní jàǹbá. Ṣé kí a má ra nǹkan ni? Rárá o, kí a kọ́kọ́ bi í léèrè ni. Ìbéèrè kékeré náà, "Kí lẹ lè jẹ? Kí lẹ fẹ́ kí n bá yín ṣe?" níyì ju agbọ̀n ọsàn lọ. Bí ọ̀rọ̀ ẹnu wa náà ṣe rí nìyẹn. Ọ̀rọ̀ tó ń gbé ẹni tí ara rẹ̀ le ró lè jẹ́ májèlé fún ẹni tó dùbúlẹ̀.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ti máa bínú báyìí pé, "Ṣé òǹkọ̀wé yìí kò fẹ́ kí a gbàdúrà ìwòsàn ni?" Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fara balẹ̀. Ẹ ka ìwé Jákọ́bù orí karùn-ún. Ó ní kí aláìsàn pe àwọn alàgbà, kí wọ́n gbàdúrà lé e lórí, kí wọ́n fi òróró kùn ún, àdúrà ìgbàgbọ́ náà yóò sì gba aláìsàn là. Ta ni ń gbàdúrà níbẹ̀? Àwọn alàgbà ni. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tó kan aláìsàn ni kó ránṣẹ́ pè wọ́n. Jákọ́bù àti Máàkù ń sọ ohun kan náà: àwọn tó dúró ló ń gbé e. Ẹ gbàdúrà, ẹ má dákẹ́! Ẹ gbààwẹ̀ tí ẹ bá lè gbà á. Ṣùgbọ́n bí ìwòsàn bá pẹ́, àwa tí a gbàdúrà ni kí a bi ara wa léèrè ohun tó kù tí a lè ṣe. Kí a má yíjú padà bi ẹni tó dùbúlẹ̀ pé kí ló ṣe tí àdúrà wa kò gbà.

Ẹlòmíràn á ní, "Ó ti rẹ̀ mí. Ọdún kejì rèé tí mo ti ń bá a lọ bá a bọ̀." Òótọ́ ni, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ pé ó rẹni. Apá Mósè náà ro ó lórí òkè lọ́jọ́ tí Ísírẹ́lì ń bá Ámálékì jà. Áárónì àti Húrì gbé òkúta fún un kó jókòó, wọ́n sì bá a gbé ọwọ́ rẹ̀ ró títí oòrùn fi wọ̀. Alábàárù náà máa ń sọ ẹrù kalẹ̀ kó sinmi. Ẹni tó bá rẹ̀, kó pe ẹlòmíràn wá di igun tirẹ̀ mú kó tó fi í sílẹ̀. Ohun tó burú ni kí igun kan já lójijì láìsọ fún àwọn mẹ́ta tó kù.

Èyí tó le jù ló kù. Bí ọ̀rẹ́ wa kò bá wá dìde ńkọ́? Ẹlẹ́gbà Kapernaumu dìde, ó gbé ibùsùn rẹ̀, ó ń lọ. Ṣé gbogbo ẹni tí a gbé náà ni yóò dìde? Àwọn àgbà ní, "Àrùn là á wò, a kì í wo ikú." Bí ikú bá dé, àwọn kan á tún fẹ́ padà wá sọ pé ìgbàgbọ́ ni kò tó. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ lójú àwọn ọmọ òkú. Jésù sunkún nígbà tí Lásárù, ọ̀rẹ́ rẹ̀, kú, bẹ́ẹ̀ Ó mọ ohun tí Òun fẹ́ ṣe. Bí Ẹni tó ní agbára àjíǹde bá dúró kó tó pe òkú, tó kọ́kọ́ bá àwọn tó ń ṣọ̀fọ̀ sunkún, kí ló dé tí àwa ń kánjú?

Àwọn mẹ́rin yẹn kò mọ bí ọjọ́ náà yóò ṣe parí nígbà tí wọ́n gbé ọ̀rẹ́ wọn kúrò nílé. Bí wọ́n bá dé ẹnu ọ̀nà tí wọn kò rí àyè, bí Jésù bá ti lọ sí ìlú mìíràn, ọ̀rẹ́ wọn yóò ṣì jẹ́ ẹlẹ́gbà. Ṣùgbọ́n yóò jẹ́ ẹlẹ́gbà tí ènìyàn mẹ́rin gbé. Lójú tèmi, ìyàtọ̀ ńlá wà láàárín kí èèyàn kú kí ó sì máa rò pé òun ni òun já Ọlọ́run kulẹ̀, àti kí ó kú sí ọwọ́ àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀, tí wọn kò bi í ní ìbéèrè kankan ju "Ṣé ibi tí mo dì mú yìí kò dùn yín?" Èkejì ni mò ń pè ní ẹ̀rí onígbàgbọ́. Aládùúgbò tí kì í lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì á rí i, kò sì ní nílò ìwàásù kó tó yé e.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará, bí ẹ bá ń lọ sí ilé aláìsàn lọ́sẹ̀ yìí, ẹ mú Bíbélì yín dání. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó ṣí i, ẹ wo yíká yàrá náà. Ẹ wo abọ́ tí a kò tíì fọ̀, ìwé oògùn tí a kò tíì rà, ọmọ tí kò tíì jẹun, ìsọ̀ tó wà ní títì láti ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ ka àwọn tó ti di ibùsùn náà mú. Bí wọn kò bá tíì pé mẹ́rin, igun tó ṣófo nì, tiyín ni. Ẹ ó ṣe rere o.